Àwọn ọ̀dọ́ Tokyo àti aṣọ ọjọ́ Àìkú wọn: ohun tí mo ń rí níbi ẹ̀kọ́ mi

Àdùkẹ́_Tokyo:
Ẹ kú àsìkò yìí o, gbogbo ilé. Láti ìgbà tí mo ti sọ níbí pé mo ti gúnlẹ̀ sí Tokyo láti kọ́ èdè wọn, ohun méjì lẹ ń bi mí ṣáá: báwo ni ayé ibẹ̀ ṣe rí, àti pé ṣé lóòótọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń wọṣọ ọmọláńgidi káàkiri ìgboro. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn méjèèjì pọ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ti àkọ́kọ́, ti èkejì ò ní yé e.

Òfin ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Kí n tó mọ orúkọ aládùúgbò mi kankan ni mo ti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó pàǹtírí. Èyí tó ń jóná ní ọjọ́ tirẹ̀, ike ní tirẹ̀, agolo àti ìgò ní tiwọn. Ike omi tí èèyàn bá mu tán, a ó yọ ìdérí rẹ̀, a ó bó bébà ara rẹ̀ kúrò, a ó fi omi ṣàn án, ká tó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn ò ní kó tirẹ̀. Wọ́n á lẹ bébà mọ́ ọ̀rá náà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí gbogbo àdúgbò rí i. Inú ọkọ̀ ojú irin, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Yamanote ni mo máa ń wọ̀, èyí tó ń yí àárín ìlú po, ibùdókọ̀ 30 ló ní. Láàárọ̀, a máa ń fún pọ̀ débi pé apá ò ṣeé gbé, síbẹ̀ kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun lè ṣiṣẹ́ tó bá ti gba àṣẹ, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 28 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan tí kì í tì tọ̀sán-tòru ni mo ti ń ṣe tèmi. Mò ń to ìrẹsì dídì tí wọ́n fi ewé inú òkun wé, mò ń nulẹ̀, mò ń kí oníbàárà káàbọ̀ lóhùn rara. Ibẹ̀ ni mo ti ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Japan, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi. Lẹ́nu iṣẹ́, irun rẹ̀ á wà ní dídì sẹ́yìn, kò ní kun ètè, ohùn rẹ̀ kì í sókè. Lọ́jọ́ Àìkú kan ló ní ká jọ lọ sí Harajuku, àdúgbò kan ní Tokyo tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń wọṣọ àrà. Ẹ wá wo ọmọ! Ẹ̀wù aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, yẹ̀rì oníléèsì méjì lábẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kó wólẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ oníléèsì, bàtà róbótó, àti ọ̀já aláràbarà lórí. Ọ̀já yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Mo gbà á, mo yí i wò sí ọ̀tún sí òsì, mi ò rí ibi tí òwú ti wọlé. Ó kó abẹ́rẹ́ àti òwú sínú báàgì, nítorí pé léèsì lè já níbikíbi.

Irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ń rán an, bíi Angelic Pretty tàbí Baby, The Stars Shine Bright (Baby yìí ti wà láti 1988), kì í sábà wọ́n dín ní 30,000 yen. Nígbà tó ra tirẹ̀, owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún wákàtí kan ní Tokyo ni 1,163 yen, ìyẹn èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá 2024. Ẹ ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ wákàtí 26 ló wọ̀ sọ́rùn.

Màmá mi rí fọ́tò, wọ́n ní ọmọ yẹn ń fi ayé rẹ̀ ṣeré. Èmi ò gbà. Iṣẹ́ ni mo rí lára aṣọ yẹn. Kí lẹ̀yin rí sí i?

Bàbá_Ọ̀yọ́:
Ọmọ mi, o kú ìnira àjò, Elédùmarè á mú ọ délé láyọ̀. Ọ̀rọ̀ pàǹtírí yẹn wù mí kí wọ́n máa ṣe é nílùú wa. Àmọ́ mi ò ní tàn ọ́, aṣọ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọmọ tó ti tó lọ́kọ tó ń wọ aṣọ ọmọ ọdún márùn-ún, irú ojú wo ni ìyá ọkọ fẹ́ fi wò ó? Owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko sì tún nìyẹn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìlú tó le tó báyìí lórí ike omi lásán, kí ló dé tí wọ́n ń wo àwọn ọmọ wọn níran?

Kọ́lá_Osaka:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Líle tí ìlú le yẹn gan-an ló bí aṣọ náà. Mo ti pẹ́ díẹ̀ níbí, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo wá kọ́, mo sì ti rí àwọn ọmọ yìí láti sẹ́kọ́ńdìrì títí dé ibi iṣẹ́. Yunifọ́ọ̀mù níbí kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Àwọn ilé-ìwé kan ń pàṣẹ àwọ̀ irun, gígùn irun, kódà àwọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2017, ọmọbìnrin kan níbí ní Osaka pe ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ torí pé ilé-ìwé rẹ̀ ń fipá mú un kun irun rẹ̀ dúdú, nígbà tó jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá irun náà ni kò ṣe dúdú kirikiri. Ní 2021, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san 330,000 yen fún un nítorí ìyà tó jẹ ẹ́, àmọ́ wọ́n ní òfin irun yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ìjọba Tokyo tó pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Tí wọ́n bá wá wọ yunifásítì, ọdún mẹ́rin ni. Ọdún kẹta kì í tíì parí tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́. Ẹ wá wo ibùdókọ̀ lásìkò yẹn: kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, báàgì dúdú, irun dídì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, aṣọ kan náà. Ẹni tó bá wọ àwọ̀ eérú, ojú á ti máa tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń wọ léèsì lọ́jọ́ Àìkú mọ̀ dájú pé àkókò òun kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀, Bàbá.

Bàbá_Ọ̀yọ́:
Kọ́lá, o ṣé. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ilé-ìwé lè ní irun tí Ọlọ́run fi sórí ọmọ kò dára tó. Ìyẹn burú. Ní ti kóòtù dúdú, mo gbọ́ ọ yé. Owó yẹn ṣì ń dùn mí ṣá o.

Ṣadé_Peckham:
Ẹ kú ìjíròrò. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mí ní London nígbà tí mo ti ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán ra ìwé ìròyìn FRUiTS. Ayàwòrán kan, Shoichi Aoki, ló dá a sílẹ̀ ní 1997. Títì Harajuku ló máa ń dúró sí. Ọmọ tí ìwọṣọ rẹ̀ bá wù ú, á ya àwòrán rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, á kọ ohun tó wọ̀ àti ibi tó ti rà á sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi rán an, tàbí kí wọ́n gé kimono (aṣọ ìbílẹ̀ Japan) ìyá àgbà, kí wọ́n sì fi lẹ ara jíǹsì. Kó tó dìgbà yẹn, ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Takenoko-zoku ti ń wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ mèremère jó ní gbangba títì níbẹ̀, torí pé lọ́jọ́ Àìkú wọ́n máa ń dí ọ̀nà mọ́tò kí ẹlẹ́sẹ̀ lè ráyè rìn. Ní 1998, wọ́n dáwọ́ dídí ọ̀nà yẹn dúró. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. H&M ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Harajuku ní 2008, aṣọ olówó pọ́ọ́kú gbòde, nígbà tó di 2017, Aoki pa ìwé ìròyìn náà tì. Àdùkẹ́, àbúrò mi, má bínú, èéfín iná tó ti kú lò ń rí.

Ohun mìíràn tún wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ní òpin àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọge kan ní Shibuya, àdúgbò mìíràn ní Tokyo, níwájú ilé ìtajà 109, ń sun awọ ara wọn dúdú lábẹ́ iná, wọ́n ń fọ irun wọn di funfun. Ilẹ̀ tó jẹ́ pé awọ funfun ni gbogbo ìpolówó ìpara ń pariwo nìyẹn o! Èmi ọmọ dúdú ní London rí fọ́tò wọn, inú mi dùn pé ẹnì kan rí àwọ̀ dúdú tó ní òun fẹ́ ẹ. Inú mi tún bàjẹ́, torí pé wọ́n lè bọ́ ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá sú wọn.

Àdùkẹ́_Tokyo:
Àǹtí Ṣadé, mo kí yín. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀ jù mí lọ, àmọ́ mi ò gbà pé ó ti kú. Ọ̀nà Takeshita ní Harajuku ti di ti àwọn arìnrìn-àjò lóòótọ́: páńkéèkì tí wọ́n fi kírímù àti èso kún inú rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ olówó pọ́ọ́kú, èrò bí omi. Àwọn ọmọ náà ti kó ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ẹ lọ sí Shimokitazawa tàbí Koenji, ẹ ó rí i pé òkìrìkà ló kún àdúgbò. Kì í ṣe òkìrìkà tí wọ́n tú dà sílẹ̀ o. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti so ó kọ́ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n sì ti kọ gbogbo àbùkù ara rẹ̀ sórí bébà kékeré: "àbàwọ́n díẹ̀ ní apá òsì", "bọ́tìnì kan kò sí." Wọ́n máa ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí. Mo ti ra kóòtù òtútù kan níbẹ̀ tí mi ò lè ra tuntun rẹ̀ láéláé. Fọ́tò tí Aoki ń yà tẹ́lẹ̀, fóònù ni wọ́n fi ń ya ara wọn báyìí.

Bàbá, èyí kan ọ̀rọ̀ owó tí ẹ sọ. Ẹ̀wù 30,000 yen yẹn kì í di àkísà. Ọ̀rẹ́ mi ń fi bébà tín-ín-rín wé e, ó tọ́jú páálí rẹ̀ àti àmì ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ òmíràn, á gbé e sórí Mercari, ìyẹn ojú ọjà tí wọ́n ti ń ta àlòkù fún ara wọn lórí fóònù, ẹlòmíràn á sì rà á. Àwọn kan tiẹ̀ ń lọ sókè lówó lẹ́yìn tí wọn ò bá ṣe irú wọn mọ́. Mo ti rí i tó ta ọ̀kan tó fi ra òmíràn, kò sì fi ọgbọ̀n yen lé e.

Ní ti àwọ̀ ara, Àǹtí, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi lórí ọkọ̀ ló sábà máa ń kún kẹ́yìn. Ó ń dùn mí, mi ò sì tíì mọ́ra. Àmọ́ láàárín àwọn ọmọ tó ń wọṣọ yìí, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ni pé níbo ni mo ti ra aṣọ mi. Mo wọ ìró àti bùbá, mo wé gèlè lọ sí ayẹyẹ kan ní ilé-ìwé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tú gèlè náà kí òun wò ó. Ó fi ìka wọn ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, ó wá wé e sórí ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ti dúró. Àwọn náà sì ní ohun tó jọ aṣọ ẹbí: ọ̀rẹ́ méjì á wọ aṣọ kan náà láti orí dé ẹsẹ̀ lọ sí Disneyland, inú wọn á máa dùn pé ayé rí i pé àwọn jọ wà ni.

Táyọ̀_Ìlọrin:
Àǹtí Àdùkẹ́, Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ wá kàwé níbẹ̀. Báwo ni ọmọ tálákà ṣe ń débẹ̀? Ẹlẹ́sẹ̀ gbàgìdì sì ni mí, ṣé màá rí bàtà rà? Mo tún gbọ́ pé àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Takeshita yẹn, pé wọ́n ń fa èèyàn lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Kọ́lá_Osaka:
Táyọ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Japan tí wọ́n ń pè ní MEXT ni kí o wá. Iléeṣẹ́ aṣojú wọn ní Abuja máa ń kéde rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ń san owó ilé-ìwé, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó oúnjẹ lóṣooṣù. Ìdánwò wà nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í múra Ìṣirò rẹ báyìí. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kí o san owó kí òun bá ọ ṣe é, sá fún un. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọn bàtà níbí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ní ju 28 lọ fún ọkùnrin. Gbé bàtà méjì dání láti ilé.

Àdùkẹ́_Tokyo:
Táyọ̀, òótọ́ ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà wà ní Takeshita, wọ́n sì ti pẹ́ níbẹ̀. Iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta fìlà, ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àti aṣọ àwọn olórin hip-hop ni wọ́n máa ń dúró sí, tí wọ́n ń pe oníbàárà wọlé. Àwọn ọmọdé kan ń bẹ̀rù wọn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ há èèyàn mọ́lẹ̀ títí tó fi máa rà. Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Àmọ́ àwọn mìíràn ń ta ọjà wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ti fẹ́yàwó níbí, wọ́n ti bímọ. Bàbá kan níbẹ̀ tí mo kí ní Yorùbá, wọ́n dá ọjà dúró, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n sì júwe ibi tí mo ti lè rí ẹ̀gẹ́ àti epo pupa rà fún mi. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa àṣà ìwọṣọ Harajuku kì í sábà dárúkọ àwọn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Japan kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni wọ́n ti ra fìlà hip-hop àkọ́kọ́ wọn.

Bàbá_Ọ̀yọ́:
Àdùkẹ́, bàbá yẹn ṣe dáadáa, Olúwa á bù kún wọn. Jọ̀wọ́, ṣé àwọn ọ̀dọ́ yìí ṣì ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn, àbí wọ́n ti sọ ọ́ nù?

Àdùkẹ́_Tokyo:
Wọ́n ń wọ̀ ọ́, Bàbá. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kejì nínú oṣù kìíní, wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ fún àwọn tó ti dàgbà. Lóòótọ́, láti oṣù kẹrin 2022, ọmọ ọdún 18 ni òfin ń pè ní àgbà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń ṣe é fún àwọn ẹni ogún ọdún. Lọ́jọ́ náà, kimono alápá gígùn á kún títì, ọ̀pọ̀ á ti háyà rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Nígbà ooru, yukata ni, aṣọ òwú fífúyẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ lọ wo iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run. Èmi náà wọ̀ ọ́. Ìyá àgbà kan tí mi ò mọ̀ rí dá mi dúró ní ibùdókọ̀, wọ́n tún àyà aṣọ náà ṣe fún mi: ti òsì ló gbọ́dọ̀ wà lókè ti ọ̀tún, òkú nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún lódì kejì. Wọn ò bínú, wọ́n gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Aró ni wọ́n pa yukata náà, aró dúdú tó ní òdòdó funfun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ọjà adìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ọkàn mi lọ tààrà.

Ìyá_Aláró:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, n kò fẹ́ dá sí i. Aró lẹ wá dárúkọ yìí! Abẹ́òkúta ni mo wà, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ adìrẹ, oníko àti alábẹ́rẹ́. Àdùkẹ́, òdòdó funfun yẹn, ṣé títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni àbí dídì ni wọ́n dì í? Kí ni wọ́n fi ń ṣe aró ọ̀hún?

Àdùkẹ́_Tokyo:
Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Tèmi, títẹ̀ ni, torí olówó pọ́ọ́kú ni. Dídì gidi wà, ní Arimatsu, àdúgbò kan nínú ìlú Nagoya. Láti 1608 ni wọ́n ti tẹ ibẹ̀ dó, ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà rìn láti Kyoto lọ sí Tokyo àtijọ́ ni, àwọn èrò ọ̀nà ló sì ń ra aṣọ náà lọ sílé. Wọ́n ń fi òwú so ó ní kóńkó kóńkó, ẹlòmíràn ń fi abẹ́rẹ́ rán an kó tó fà á pọ̀, gẹ́gẹ́ bí alábẹ́rẹ́ tiyín. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí aṣọ kan tó parí. Ọ̀dọ́ ti ń padà síbẹ̀, wọ́n ń dì í sára ṣẹ́ẹ̀tì àti síkáàfù.

Kọ́lá_Osaka:
Ìyá, mo ti dé Tokushima, níbi tí wọ́n ti ń gbin ewéko aró náà. Kì í ṣe igi èlú tiwa, ewéko kúkurú ni. Wọn kì í gún un ní tútù bíi tiyín. Wọ́n á sá ewé rẹ̀ gbẹ, wọ́n á máa wọ́n omi sí i, wọ́n á máa yí i, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́, títí á fi rà. Ẹni tó bá fẹ́ pa aró á wá fi omi eérú rẹ ẹ́ sínú ìkòkò, wọ́n ń fi èèrí àlìkámà sí i kó lè hó. Òórùn ibẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé n kò ṣìnà.

Ìyá_Aláró:
Omi eérú! Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ. Eérú igi wo ni wọ́n ń lò? Nítorí pé lọ́dọ̀ wa, eérú tí kò bá dára, aró kì í mú, aṣọ á kàn pọ́n lásán. Àdùkẹ́, tí o bá débẹ̀, bá mi bi wọ́n, kí o sì wo bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìkòkò ti tó ó rẹ aṣọ sí. Ti wa, ìyá mi máa ń fi ìka tọ́ ọ wò lẹ́nu.

Àdùkẹ́_Tokyo:
Màá bi wọ́n, Ìyá. Oṣù kẹfà ni ọdún aṣọ dídì ní Arimatsu, ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi àti èmi ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi aṣọ tí òun bá dì níbẹ̀ rán ẹ̀wù léèsì tuntun. Ẹ bá mi fi fọ́tò adìrẹ oníko ọwọ́ yín ránṣẹ́ kí a tó lọ, kí n lè fi han àwọn ìyá àgbà ibẹ̀. Kí ẹ ya ti ẹ̀yìn aṣọ náà mọ́ ọn, níbi tí ìdì ti hàn, torí ẹ̀yìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.